Ẹni Tí Ó Di Ọwọ́ Ìjọba Mú

Nígbàkúùgbà tí àkókò ìdìbò bá ń sún mọ́ tòsí, ìbéèrè kan a máa lọ káàkiri láti Jákáńdè títí dé Ajah, a sì máa kọjá lọ sí Sangotẹ́dó àti sí gbogbo ìletò tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun: "Kí ni aṣojú wa ṣe fún wa?" Àwọn tí ó ń gbèjà ọkùnrin náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní oókan: ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò kan, ó ra tiransifọ́mà fún òmíràn, ó san owó ìdánwò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó pín ìrẹsì nígbà Kérésìmesì àti nígbà Iléyá. Àwọn tí ó lòdì sí i a dáhùn pé kànga náà ti bàjẹ́, ìrẹsì náà kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ìjà a sì parí síbẹ̀. Àwa kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dìde ní irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ kí ó bèèrè pé: Èló ni ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí a ná?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí a bá ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 wò, èyí tí a kò bèèrè yìí gan-an ni a kọ síbẹ̀. A kò rí kànga nínú rẹ̀, a kò sì rí ìrẹsì. Ohun tí a rí ní apá 80 ni pé owó kankan kò gbọdọ̀ jáde láti inú àpò ìjọba àpapọ̀ àfi bí ìwé òfin náà fúnra rẹ̀ tàbí àwọn aṣòfin bá fi àṣẹ sí i. Apá 120 sì sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn ìpínlẹ̀. Ní apá 88 àti apá 128 a fún wọn ní agbára láti wádìí, kí wọn lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ àti ìnákúnàá. A fi wọ́n ṣe adènà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìṣúra. Kì í ṣe ohun tí ó ń kó jáde fún wa ni a fi ń mọ adènà rere.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohun tí a ná a máa hàn, èyí tí a kò ná kì í hàn. Afárá Jubilee tí ó wà ní Ajah, èyí tí a ṣí ní ọdún 2017 nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún, ń bẹ níbẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí i. Ṣùgbọ́n owó tí aṣòfin kan gbà là lọ́wọ́ ìnákúnàá kò ní afárá, kò sì sí ògiri tí a lè kọ orúkọ rẹ̀ sí. Nítorí náà ni a fi ní láti béèrè bí a ti lè wọn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti irú ènìyàn tí ó lè ṣe é.

Àwọn bàbá wa tí ó kọ́kọ́ jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Èkó kò ní agbára yìí rárá. Àlùfáà James Johnson ti ìjọ Breadfruit, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, wà nínú ìgbìmọ̀ náà láti ọdún 1886 títí dé 1894. Gómìnà ni ó yàn án, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì pọ̀ ju irú rẹ̀ lọ níbẹ̀. Ní ọdún 1923 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ dìbò yan aṣojú mẹ́ta. Síbẹ̀ títí di ìgbà tí ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó ń borí nígbà tí a bá ka ìbò. Aṣòfin ìgbà náà lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí owó tí a fẹ́ ná, kí a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, kí a sì ná owó náà. Àwọn ti òde òní ni a fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ó ṣe ni láàánú pé ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lẹ́nu wọn kò pọ̀ tó ti àwọn tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Orúkọ aṣòfin kan wà tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń ké ní Ajah láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, láìmọ̀ pé aṣòfin ni: Abraham Adésànyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ rò pé orúkọ ẹ̀sítéètì lásán ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, agbẹjọ́rò ni, ó sì wà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láti ọdún 1979 títí di 1983. Nígbà tí Ààrẹ Shehu Shagari yan adájọ́ kan láti ṣe alága àjọ tí ń ṣètò ìdìbò, Adésànyà wí nínú ilé pé kò bá òfin mu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà fún un. Kò jókòó sílé. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ títí dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọdún 1981 àwọn adájọ́ wí fún un pé òun fúnra rẹ̀ kò ní ìpalára kan tí ó lè fi pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti sọ tirẹ̀ nínú ilé, a kò sì gbà á. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹjọ́ owó, ṣùgbọ́n a mú un wá síbí nítorí ó fi ohun kan hàn wá nípa ẹni tí ó bá fẹ́ di ọwọ́ aláṣẹ mú: ó lè pàdánù nínú ilé, kí ó tún pàdánù níta, kí ó má sì rí ohun kan fi hàn àwọn tí ó rán an.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a wo àkọsílẹ̀ aṣòfin kan nípa owó pàápàá, nítorí a kò lè ṣe ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfuurufú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, Aṣòfin Àgbà Bùkọ́lá Sàràkí, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kwara, mú àbá kan wá sí iwájú ilé nípa owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo bẹntiróòlù. Bílíọ̀nù 240 náírà ni àwọn aṣòfin fi ọwọ́ sí fún gbogbo ọdún náà. Ọdún kò tíì parí, ohun tí a ti san ti ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ta ni ó fi àṣẹ sí ìyókù? Ìbéèrè náà kò ju èyí lọ, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lè béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ẹni tí ó bi í, nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni òun àti Ààrẹ Goodluck Jonathan wà nígbà náà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ń wọ ọkọ̀ láti Ajah lọ sí Obáléndé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ náà kúrò, jálá epo kan sì fò láti náírà 65 sí 141. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà iṣẹ́ dúró jákèjádò ilẹ̀ yìí, ó sì tó ọjọ́ 16 kí a tó mú un wá sí náírà 97. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ti Ilé Aṣojú-ṣòfin mú ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹrin, ó wí pé owó tí a san fún ọdún 2011 ju tírílíọ̀nù 2 lọ, àti pé ó yẹ kí a gba èyí tí ó ju tírílíọ̀nù 1 lọ padà lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kí ó gbà á.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn náà mọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ìwádìí náà gan-an, Farouk Lawan, ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 pé ó gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan kí ó lè yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìròyìn náà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fi ìdí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 múlẹ̀ fún un ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ẹni tí a rán láti lọ ká olè mọ́ ibi tí ó ti ń jalè ni ó ta ìpè tí ó yẹ kí ó fi jí wa. Ìṣirò inú ìwé náà kò torí èyí di irọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí a dárúkọ nínú rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ sọ, àwọn tí ó jìyà ní oṣù Kìíní sì padà sí ojú iṣẹ́ wọn.

Àkọsílẹ̀ Sàràkí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ó di olórí àwọn aṣòfin àgbà, ìwé ètò ìnáwó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, bílíọ̀nù 125 náírà, ni a ṣí sílẹ̀ ní kíkún fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti ń fi pamọ́. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà ni ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ti kọ̀wé sí Kwara kí wọn dá owó ìfẹ̀yìntì òun gẹ́gẹ́ bí gómìnà dúró, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti pariwo pé ó ń gbà á pẹ̀lú owó oyè tuntun tí ó wà. Ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Láti ọdún 2011 títí di 2017, ẹni tí ó béèrè tani ó fi àṣẹ sí owó epo ń jẹ nínú àwo méjì.

Àwọn kan yóò wí pé nítorí èyí, asán ni àbá ti ọdún 2011. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ kì í di irọ́ nítorí ẹnu tí ó ti jáde, bílíọ̀nù 240 sì jẹ́ bílíọ̀nù 240 lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn yóò wí pé nítorí àbá náà, kí a gbójú fo ìyókù. Èyí náà kò tọ́. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ó rọrùn fún aṣòfin láti rí ìnákúnàá tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ epo, tí ó jìnnà sí tábìlì tirẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ tí Shehu Sani, aṣòfin àgbà láti Kaduna, sọ ní oṣù Kẹta ọdún 2018 fi ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu: pé yàtọ̀ sí owó oṣù, mílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀ náírà ni aṣòfin àgbà kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣooṣù fún ìnáwó iṣẹ́. Ní àkókò náà 18,000 náírà ni owó oṣù tí ó kéré jù fún òṣìṣẹ́. Kò dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n àwo tirẹ̀ ni ó ṣí, kì í ṣe ti aládùúgbò.

Bí a bá wá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ilé ti ara wa, ohun tí a rí kò mú inú dùn. Ní ọdún 2007 ni a ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn gómìnà àti igbákejì wọn ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nínú rẹ̀ a fún gómìnà tí ó bá ti ṣe ìjọba lẹ́ẹ̀méjì ní ilé kan ní Èkó àti òmíràn ní Abuja, pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, àti owó oṣù bí ti ẹni tí ó wà lórí oyè. Ọdún mẹ́tàlá kọjá, àwọn aṣòfin sì ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ní Aláúsá, láti Etí-Ọ̀sà àti láti ibi gbogbo, òfin náà sì dúró. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ìbọn ró lálẹ́ ní ibodè tí a ti ń gba owó ojú ọ̀nà ní Lekki, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kó ara jọ sí pẹ̀lú àsíá ilẹ̀ wa lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gbé ètò ìnáwó ọdún 2021 wá síwájú àwọn aṣòfin, ó sì wí fún wọn pé òun yóò mú àbá wá láti pa òfin owó ìfẹ̀yìntì náà rẹ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin mú ìròyìn wá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ohun tí wọ́n dámọ̀ràn ni pé kí a gé owó náà sí ìdajì.

A fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí. Aláṣẹ, ẹni tí a yan àwọn aṣòfin láti dí lọ́wọ́, ni ó wí pé kí a pa á rẹ́. Adènà ni ó wí pé kí a fi ìdajì sílẹ̀. Kò sì pẹ́ tí Ìpínlẹ̀ Zamfara, tí kò ní idá kan nínú ọrọ̀ Èkó, ti pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́ pátápátá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Bóyá ìdajì sàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tani nínú wa tí ó kọ lẹ́tà sí aṣòfin rẹ̀ láàrin ọdún mẹ́tàlá náà?

Ìbéèrè yìí ni ó gbé ẹ̀bi wá sí ẹnu ọ̀nà tiwa. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀sítéètì tí ó wà ní Lekki àti Ajah, àwọn olùgbé ní ẹgbẹ́, wọ́n ń dá owó fún àwọn ọdẹ, fún iná ojú títì, fún gọ́tà. Gbogbo wa mọ akápò ẹgbẹ́ tí kò jẹ́ kí a fi owó gọ́tà ṣe àríyá òpin ọdún. Ní ọjọ́ tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, a ń pè é ní ahun. Ní oṣù Kẹfà tí òjò bá dé tí omi kò wọlé, a kì í rántí rẹ̀. Bí a bá ń ṣe báyìí sí akápò tí ń bójú tó owó wa tí a fi ọwọ́ ara wa dá, irú sùúrù wo ni a ó ní sí aṣòfin tí ó bá kọ owó tí a rò pé kì í ṣe tiwa?

Nítorí ohun tí ó wà lọ́kàn wa nìyí: owó ìjọba kì í ṣe owó ẹnìkan, kí tiwa sáà má bọ́ sílẹ̀. Fún ọdún púpọ̀ ni a ń ya bílíọ̀nù 100 náírà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún nínú ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ tí aṣòfin kọ̀ọ̀kan yóò tọ́ka sí ní agbègbè rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 Ààrẹ Muhammadu Buhari wí pé láàrin ọdún mẹ́wàá tírílíọ̀nù 1 ti lọ lórí rẹ̀, àti pé ohun tí a rí níbẹ̀ kò tó nǹkan. Láti inú owó yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kànga àti tiransifọ́mà wọ̀nyẹn ti ń wá. Aṣòfin tí ó bá dìde láti wí pé kí a fa owó yìí tu, kí a sì fi í ṣe iṣẹ́ tí ó ní ìwọ̀n, yóò fara gbá ìbínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abuja. Ní Ajah, a ó yan ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Kí a má baà ṣì wá gbọ́, àwa kò wí pé ahun ni aṣòfin rere. Ìjọba tí ó dá owó oṣù olùkọ́ dúró kò ṣọ́ owó ná. Gbèsè ni ó jẹ, ó sì fi orúkọ rere bò ó. Gọ́tà tí a kò ṣe lónìí yóò gba ìlọ́po owó lọ́la, pàápàá ní ilẹ̀ tiwa yìí tí kò ga ju òkun lọ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ wa ni pé kí aṣòfin mọ èló, kí ó mọ tani yóò gbà á, kí ó mọ bí a ti yan ẹni náà, kí ó tó gbé ọwọ́ sókè.

Ìdánwò wa sì ti dé etí òkun wa. Ní ọdún 2024 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etíkun tí yóò lọ láti Èkó dé Calabar, nǹkan bí kìlómítà 700. Apá kìíní, tí ó jẹ́ kìlómítà 47 àti díẹ̀, tí ó gba ìhà wa kọjá, ni a ṣírò sí tírílíọ̀nù 1 àti bílíọ̀nù 60 náírà. A kò pe àwọn agbaṣẹ́ṣe mìíràn ní gbangba láti wá díje kí a tó gbé e fún ilé-iṣẹ́ Hitech. A wó ilé ìgbafẹ́ àti ilé ìtajà lulẹ̀. Àwọn ará Okun-Ajah sì fi ẹ̀hónú hàn pé a yí ojú ọ̀nà náà padà wá sórí ilẹ̀ àwọn. Ní oṣù Keje ọdún náà Ilé Aṣojú-ṣòfin pinnu láti wádìí bí a ti gbé iṣẹ́ náà jáde. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí kìlómítà 30 nínú rẹ̀.

Ọ̀nà náà dán, àwa pàápàá sì mọ ohun tí wákàtí mẹ́ta nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Ajah dé Victoria Island ń ṣe sí ara ènìyàn. Ẹni tí ó bá bèèrè ní báyìí pé kí ni ó mú kí kìlómítà kan gba ju bílíọ̀nù 22 náírà lọ, a ó wí fún un pé ó kórìíra ìlọsíwájú wa. Ṣùgbọ́n òun ni aṣòfin tí a ń wá. Ìdáhùn lè wà: ilẹ̀ iyanrìn ni, òkun wà nítòsí, kọnkéré ni a fi ṣe é láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a gbọ́ ọ ní gbangba nínú ilé tí a kọ́ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí a sì yìn ẹni tí ó béèrè bí a ti ń yìn ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ó wà láàrin wa lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń tẹ ìwé ètò ìnáwó rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Iṣẹ́ tí aṣòfin wa tọ́ka sí fún Etí-Ọ̀sà náà sì ń wà nínú ti ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Ẹ mú ojú ìwé kan nínú rẹ̀ wá sí kíláàsì fún ìṣirò, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ pín iye owó kànga kan sí iye owó tí ẹni tí ó ń gbẹ́ kànga ní Ajah yóò gbà lọ́wọ́ bàbá wọn, kí wọn kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọn sì mú ìwé náà lọ sílé.